Bí A Ṣe Lè Lo Trichoderma Pẹ̀lú Oògùn Fífín Lórí Kòkó Láìjẹ́ Kí Ọ̀kan Pa Èkejì

Lọ́dọọdún, bí òjò Oṣù Keje bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra, ẹjọ́ kan náà ni mo máa ń gbọ́ láti Ìyàmoyè títí dé Ẹ̀kìnrìn-Adé àti agbègbè Kábbà. Àgbẹ̀ ti gbọ́ pé oògùn ẹlẹ́mìí kan wà tí wọ́n ń pè ní Trichoderma, ó ti rà á, ó ti dà á pọ̀ mọ́ oògùn àrùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ nínú páǹpù kan ṣoṣo kí iṣẹ́ lè yá, ó sì ti fín in sí kòkó nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí. Síbẹ̀, pódù ń dúdú bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé oògùn kan ti pa èkejì nínú páǹpù kí wọ́n tó dé ara igi, oòrùn sì ti parí èyí tó ṣẹ́ kù. Owó oògùn méjì ló ná, iṣẹ́ oògùn kan ló rí gbà.

Èyí kò sọ pé kí a má lo méjèèjì. Trichoderma jẹ́ olú tín-ín-tìn-ìn tó ń gbé inú ilẹ̀ àti ara èèpo igi. Ó ń jẹ àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn, ó sì ń gba àyè mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn olùwádìí ní Kamẹrúùnù ti dán oríṣi rẹ̀ kan, Trichoderma asperellum, wò nínú oko kòkó. Ó dín pódù dúdú kù, ṣùgbọ́n níbi tí àrùn ti le kò lágbára tó oògùn fífín. Oògùn fífín ní tirẹ̀, òjò a máa fọ̀ ọ́ dànù, kì í sì í dé inú ilẹ̀ tí àrùn náà fi ṣe ilé. Nítorí náà, a fẹ́ kí èyí tó ní ẹ̀mí máa ṣọ́ ilẹ̀ àti ara igi, kí èyí tí kò ní ẹ̀mí sì gba pódù là ní oṣù tí òjò bá le jù.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Páǹpù ẹ̀yìn méjì. Ẹ fi ọ̀dà kun ọ̀kan, kí ó jẹ́ ti Trichoderma nìkan títí ayé rẹ̀. Bí owó páǹpù kejì kò bá sí, ẹ yá a lọ́wọ́ aládùúgbò tí kò tíì fi tirẹ̀ fín oògùn rí.
- Trichoderma oní-lẹ́búlẹ́bú tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán, àti iye ẹ̀mí tó wà nínú gíráàmù kan, èyí tí wọ́n máa ń kọ lẹ́tà CFU sí lẹ́gbẹ̀ẹ́.
- Oògùn àrùn tí ẹ ó yàn ní ìpele kẹta. Ẹ má rà á ṣáájú.
- Ìwọ̀n kékeré tó lè ka gíráàmù, garawa méjì, ọ̀pá ìrò, àti aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ó fi sẹ́ oògùn.
- Omi kànga, omi odò tó mọ́ tàbí omi òjò. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ ṣí i sílẹ̀ mọ́jú, nítorí oògùn tí wọ́n ń fi fọ omi náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ohun tó ní ẹ̀mí.
- Dòjé orí ọ̀pá, àdá, àti àpò tí a ó máa kó pódù tó ti bàjẹ́ sí.
- Ìgbẹ́ màlúù tàbí ti ewúrẹ́ tó ti jẹrà, tí kò gbóná mọ́ bí a bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.
- Ìbọ̀wọ́, bàtà òjò, ìbòmú, awò ojú àti aṣọ alápá gígùn.
- Ife ìrẹsì kan, abọ́ rọ́bà mẹ́ta tó ní ìdérí, àti ìwé tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí.

Ẹ bi ẹni tó ń ta Trichoderma léèrè ibi tó ń gbé e sí. Bí ẹ bá bá àpò rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn, ẹ máa bá tiyín lọ. Nílé pẹ̀lú, abẹ́ páànù tó ń jó bí iná kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Ibi tútù, tó gbẹ, tó jìnnà sí oògùn mìíràn ni kí ẹ gbé e sí.

Ìpele 1: Ẹ rí i dájú pé pódù dúdú ni

Kì í ṣe gbogbo kòkó tó dúdú ni àrùn yìí mú, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti máa ń wọlé. Àrùn pódù dúdú a máa bẹ̀rẹ̀ bí àbààwọ́n kékeré tó ní àwọ̀ kọfí, pàápàá ní ìdí pódù tàbí ní ṣónṣó rẹ̀ níbi tí omi máa ń dúró sí. Àbààwọ́n náà a máa fẹ̀ lójoojúmọ́ títí gbogbo pódù yóò fi dúdú láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Pódù náà á ṣì le bí a bá tẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ á sì bu funfun bí ẹni fi ìyẹ̀fun kùn ún. Funfun yẹn ni irúgbìn àrùn, ìkán omi òjò kan sì ti tó láti gbé e lọ sára pódù mìíràn.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ti ọmọ kòkó wẹ́wẹ́ tó kọ́kọ́ pọ́n, tó wá dúdú, tó sì gbẹ mọ́ igi. Igi fúnra rẹ̀ ló ń dá oúnjẹ dúró fún èyí tí agbára rẹ̀ kò lè bọ́, oògùn kan kò sì lè dá a dúró. Bí ẹ bá rí àmì dúdú róbótó wẹ́wẹ́ tó pọ̀ lára pódù kan ṣoṣo, kòkòrò tó ń fa omi ara rẹ̀ ló ṣe é, oògùn kòkòrò ló sì ń wá. Bí dúdú náà bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí dúdú ìdí ìkòkò, ó sábà máa ń jẹ́ àrùn mìíràn tó gba ojú ọgbẹ́ wọlé, níbi tí ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí àdá ti kọ́kọ́ dá pódù lára.

*Bí ẹ ṣe lè mọ̀:* Ẹ gé etí àbààwọ́n kan, níbi tí àwọ̀ kọfí ti pàdé àwọ̀ pódù tó dára, ẹ gbé e sórí ìwé tó tutù nínú abọ́ tó ní ìdérí. Bí funfun bá hù lójú rẹ̀ láàárín ọjọ́ 2 sí 4, ó sábà máa ń jẹ́ pódù dúdú, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìpele 2: Ẹ kó àrùn kúrò lóko kí ẹ tó kó oògùn wọ ibẹ̀

Trichoderma kì í wo pódù tó ti ṣàìsàn sàn. Ìdènà ni iṣẹ́ rẹ̀, bí pódù dúdú bá sì ti so rọ̀ káàkiri orí igi, bí ẹni ń gbá omi inú ọkọ̀ tó ti lu ni ẹni tó ń fín in.

Ní Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹta, kí òjò tó dé, ẹ já gbogbo pódù gbígbẹ ti ọdún tó kọjá tó lẹ̀ mọ́ igi. Ẹ gé àfòmọ́, ẹ gé ọmọ igi tó ń yọ ní ìdí, kí ẹ sì dín ẹ̀ka tó di ara wọn mọ́ra kù kí atẹ́gùn lè kọjá. Níbi tí omi bá máa ń dúró sí, ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá fún un. Nígbà tí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rin oko yíká lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti já pódù tó ti mú àrùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn pódù tó sún mọ́ ilẹ̀ jù, nítorí àwọn ni òjò kọ́kọ́ ń ta ẹrẹ̀ sí. Ẹ tún wo àwọn èèrà tó ń fi ilẹ̀ kọ́ ilé gun ara igi: ilẹ̀ tí wọ́n ń rù gòkè yẹn lè ní àrùn nínú, nítorí náà ẹ wó o.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́ ni èèpo kòkó. A ó já pódù tó dúdú tán, a ó sọ ọ́ sí ìdí igi kan náà. A ó la kòkó tán, a ó fi òkìtì èèpo sílẹ̀ sábẹ́ òjìji títí ọdún mìíràn. Ẹ kó o jáde kúrò láàárín igi kòkó, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ bu ilẹ̀ bò ó.

*Bí ẹ ṣe lè mọ̀:* Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé òjò, ẹ lọ sí àárín oko ní aago 11. Bí omi bá ṣì ń kán lára pódù ní àkókò yẹn, òjìji oko yín ṣì nípọn jù, ẹ padà lọ gé ẹ̀ka díẹ̀ sí i.

Ìpele 3: Ẹ ka ẹ̀yìn páálí, kí ẹ yan oògùn tó lè bá Trichoderma gbé

Ìpele yìí ló ṣòro jù, òun náà sì ni wọ́n ń fò jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Phytophthora ni orúkọ kòkòrò àìfojúrí tó ń fa pódù dúdú, èyí tó sì le jù nínú wọn ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Phytophthora megakarya. Ó ń ṣe bí olú, ṣùgbọ́n kì í ṣe olú ní tòótọ́. Ó bá nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lójú omi (algae) tan ju bó ṣe bá olú tan lọ. Olú gidi ni Trichoderma ní tirẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ fi ṣe èrè: oògùn tó ń pa Phytophthora nìkan, tí kì í fọwọ́ kan olú gidi, lè bá ọ̀rẹ́ wa gbé. Oògùn tó sì ń pa olú gidi yóò pa ọ̀rẹ́ wa, ó sì lè má ṣe ọ̀tá ní nǹkan kan.

*Metalaxyl* (tàbí metalaxyl-M) wà ní ẹgbẹ́ kìíní. Ó ń wọ inú ara pódù, ó ń mú Phytophthora, kì í sì í sábà pa Trichoderma lára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, pańpẹ́ kan wà níbẹ̀: wọn kì í sábà ta metalaxyl ní òun nìkan. Ridomil Gold Plus tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, metalaxyl-M àti bàbà ló wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa pa metalaxyl pọ̀ mọ́ mancozeb. Nítorí náà, ẹ má wo orúkọ ńlá tó wà níwájú páálí. Orúkọ kékeré tó wà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti kọ ohun tí oògùn náà ní nínú, ni kí ẹ kà, kí ẹ sì ka gbogbo rẹ̀ tán.

*Oògùn oní-bàbà*, bíi copper hydroxide àti cuprous oxide, ń pa irúgbìn àrùn lójú pódù. Ọ̀pọ̀ Trichoderma lè fara da bàbà díẹ̀, àmọ́ ìfaradà náà yàtọ̀ láti oríṣi kan sí òmíràn. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ nínú páǹpù kan, kí ẹ sì fi ọjọ́ sáàárín wọn. Bí ohun ẹlẹ́mìí tí ẹ rà bá jẹ́ Bacillus dípò Trichoderma, bàbà léwu fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bàbà a máa pa bakitéríà.

*Mancozeb* le ju bàbà lọ fún Trichoderma. Bí òun bá wà nínú oògùn yín, àlàfo ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń ní kí wọ́n fi sílẹ̀.

*Carbendazim* àti *thiophanate-methyl* kò ní ohun tí wọ́n ń wá nínú iṣẹ́ yìí. Olú gidi ni wọ́n ń pa, wọn kì í sì í mú Phytophthora. Èmi náà ti fi carbendazim fín kòkó rí nítorí pé ẹni tó tà á fún mi sọ pé kò sí àrùn tí kò mú; lọ́dún yẹn, mo fi ọwọ́ ara mi pa gbogbo Trichoderma tí mo ti fi oṣù méjì tọ́, pódù dúdú sì ń gbèèrú lọ ní tirẹ̀.

Nítorí ìdí yìí kan náà, ẹ má ṣe gbé ìtọ́sọ́nà yìí bó ṣe wà lọ sórí ohun ọ̀gbìn mìíràn. Àrùn tó ń jó ewé ewùrà, olú gidi ló ń fà á, metalaxyl kò sì ní ràn án rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó bá ní ìbátan tó ń gbin tíì lórí òkè Mambilla: ó ní láti kọ́kọ́ mọ irú ohun tó ń fa àrùn tirẹ̀ kí ó tó yan oògùn.

Ohun mìíràn ni pé metalaxyl tètè máa ń sú àrùn. Bí a bá ń fín in léraléra, àwọn tí kò kú nínú Phytophthora ni yóò máa bí sí i, títí oògùn náà yóò fi di omi lásán. Ẹ má ṣe ju iye ìgbà tí wọ́n kọ sára páálí lọ, kí ẹ sì máa fi oògùn oní-bàbà nìkan gba ipò rẹ̀ láàárín.

*Bí ẹ ṣe lè mọ̀:* Ẹ kọ orúkọ kékeré gbogbo tó wà lẹ́yìn páálí sínú ìwé yín. Bí ẹ kò bá lè sọ èyí tó ń mú Phytophthora àti èyí tó lè pa Trichoderma nínú wọn, ẹ má tíì sanwó. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó sún mọ́ yín, tàbí lọ́dọ̀ CRIN, ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní Ìbàdàn, tó sì ní ẹ̀ka ní Ochaja ní apá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi wa yìí.

Ìpele 4: Ìdánwò ìrẹsì

Ìdánwò yìí ń dáhùn ìbéèrè méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ṣé Trichoderma tí mo rà ṣì wà láàyè, ṣé ó sì lè fara da oògùn mi? Abọ́ àti ṣíbí àtijọ́ ni kí ẹ fi ṣe é, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní fi jẹun mọ́ láéláé. Nílé tèmi, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé mi kúrò ní kíṣìnnì.

1. Ẹ se ìrẹsì títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Ẹ pín in sí abọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì kọ A, B àti D sí wọn lára.
2. Ẹ po Trichoderma díẹ̀ mọ́ omi mímọ́, ẹ bu ṣíbí kan sínú abọ́ A.
3. Ẹ po oògùn àrùn bí ẹ ó ṣe pò ó gan-an fún oko, ẹ da Trichoderma tó pọ̀ tó ti àkọ́kọ́ sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 2, ẹ wá bu ṣíbí kan sínú abọ́ B.
4. Ẹ bu omi mímọ́ nìkan sínú abọ́ D. Òun ni ẹlẹ́rìí wa.
5. Ẹ dé wọn láìfún wọn pa, ẹ gbé wọn sínú òjìji fún ọjọ́ 5 sí 7.

Trichoderma a máa kọ́kọ́ hù ní funfun bí òwú, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀. Bí abọ́ A bá wà lásán títí ọjọ́ 7, òkú ni ẹ rà. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Bí abọ́ D náà bá ní àwọ̀ ewé, ìdọ̀tí ti wọ inú iṣẹ́ náà, ẹ tún un ṣe. Bí B bá hù bíi ti A, oògùn yín lè bá Trichoderma gbé. Bí B bá hù díẹ̀ tàbí tó pẹ́ kó tó hù, ẹ fi ọjọ́ sáàárín wọn. Bí B kò bá hù rárá, ọ̀tá ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn, ẹ wá oògùn mìíràn bó bá ṣeé ṣe.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣí abọ́ náà sí imú, ẹ má sì da ìrẹsì náà fún adìyẹ. Ohun tó bá hù ní àwọ̀ ìyeyè tàbí dúdú lè jẹ́ irú èyí tó ní májèlé. Ẹ rì gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga.

Ìpele 5: Ẹ fi Trichoderma sí ìdí igi nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀

Ní ilẹ̀ Òkun, ìparí Oṣù Kẹrin sí Oṣù Karùn-ún ló dára jù. Ẹ má fi òjò kan ṣoṣo ṣe ẹ̀rí. Ẹ dúró títí ilẹ̀ yóò fi tutù dé ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan.

Ẹ po kílò 1 Trichoderma mọ́ nǹkan bí kílò 100 ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà, bí páálí kò bá sọ iye mìíràn. Ẹ wọ́n omi sí i títí yóò fi tutù láìjẹ́ pé omi ń ro lára rẹ̀ bí a bá fún un, ẹ fi ọ̀rá tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó lábẹ́ òjìji, kí ẹ sì máa yí i padà ní ọjọ́ 3 sí 4. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, ẹ kó o lọ sóko. Ẹ wọ́n ọn yíká ìdí igi títí dé ìwọ̀n mítà kan, sábẹ́ ewé gbígbẹ, láìjẹ́ kí ó gun ara igi.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ló ń ba ìpele yìí jẹ́ jù, nítorí ooru inú rẹ̀ lè pa ohun tí ẹ fẹ́ tọ́. Ẹ má da eérú pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ má sì fín oògùn ìpako sí ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà.

*Bí ẹ ṣe lè mọ̀:* Kí ẹ tó kó o jáde, ẹ ṣí òkìtì náà wò. Ó yẹ kí ẹ rí funfun àti àwọ̀ ewé níbi púpọ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì máa rùn bí ilẹ̀ inú igbó lẹ́yìn òjò. Bí ó bá ń rùn bí omi ìdọ̀tí, omi ti pọ̀ jù, atẹ́gùn kò wọlé. Ẹ tú u ká, ẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin sí i.

Ìpele 6: Orí pódù, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì

Bí ọjọ́ ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìpele yìí.

Láti Oṣù Karùn-ún títí dé ìbẹ̀rẹ̀ òjò ńlá, nígbà tí pódù ṣì kéré tí àrùn kò sì tíì pọ̀, ẹ fín Trichoderma nìkan sára igi àti ọmọ pódù ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, tí pódù tó dúdú sì ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, ẹ gbé oògùn àrùn. Ọjọ́ tí ẹ bá fín oògùn ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ka ọjọ́ 14, kí ẹ fín Trichoderma. Ẹ ka 14 mìíràn, kí ẹ padà sí oògùn. Báyìí, oògùn àrùn yóò máa bọ́ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí òjò ọdún kan bá le jù, tí páálí sì ní kí ẹ fín oògùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi Trichoderma sí ìdí igi nìkan ní àkókò yẹn, ẹ má fín in sára pódù. Ó dára kí a dá a sí ju kí a fín in dànù lọ.

*Ìwọ̀n.* Ọ̀pọ̀ ló ń da ọ̀rá oògùn kan sínú páǹpù kan láìwo bí páǹpù náà ṣe tóbi tó. Bí páálí bá sọ pé gíráàmù 50 fún lítà 15, páǹpù lítà 20 yóò gba nǹkan bí gíráàmù 67. Ẹni tó da 50 sínú lítà 20 ti dín agbára oògùn kù ní ìdá mẹ́rin, irú oògùn tí kò tó yìí ló sì ń kọ́ àrùn bí yóò ṣe fara dà á.

*Pípò.* Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi díẹ̀ nínú garawa, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ kí imú páǹpù má baà dí, ẹ wá fi omi kún un. Trichoderma tí a ti pò kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú. Ẹ má fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sí i nítorí pé ẹ fẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ pódù.

*Àkókò.* Trichoderma kò fẹ́ oòrùn, nítorí náà lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run kò ṣú. Oògùn àrùn lè jẹ́ òwúrọ̀, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ lára pódù tí afẹ́fẹ́ kò sì le. Ẹ dojú páǹpù kọ pódù àti ara igi níbi tí òdòdó ti ń yọ. Ewé kọ́ ni a ń fín. Ẹ yí igi ká, nítorí ẹ̀yìn pódù tó kọjú sí igi ni àrùn máa ń sá pamọ́ sí.

*Ara yín.* Ẹ wọ gbogbo ohun ìdáàbòbò, àní nígbà tí ó bá jẹ́ Trichoderma, nítorí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè yọ àyà ẹni tó ní ikọ́ fée lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé gbé páǹpù. Ọ̀rá oògùn tó ṣófo kò gbọ́dọ̀ di ohun tí a fi ń di iyọ̀; ẹ dá ihò sí i lára kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́. Ẹ wo iye ọjọ́ tó yẹ kó wà láàárín fífín àti kíkórè lẹ́yìn páálí, kí ẹ má sì fín igi tí pódù rẹ̀ ti pọ́n.

*Bí ẹ ṣe lè mọ̀:* Oògùn oní-bàbà a máa fi àwọ̀ sílẹ̀, pupa bí ìpẹtà tàbí aláwọ̀ aró. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ gbé pódù mẹ́wàá láti igi mẹ́wàá wò lẹ́yìn. Bí àwọ̀ náà kò bá dé ẹ̀yìn pódù mẹ́ta nínú wọn, ẹni tó fín in sáré jù. Fún Trichoderma, ẹ yọ èèpo gbígbẹ díẹ̀ lára igi lẹ́yìn ọjọ́ 3, ẹ gbé e sórí ìwé tútù nínú abọ́ tó ní ìdérí. Àwọ̀ ewé ni kí ó hù níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìpele 7: Ẹ kà á, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n

Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí igi 20 ní apá tí ẹ ń lo oògùn méjèèjì, àti igi 20 mìíràn, ní ilẹ̀ àti òjìji tó jọra, níbi tí ẹ ń lo oògùn àrùn nìkan. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tó já pódù tó ti mú àrùn, ẹ ka gbogbo pódù tó tóbi, ẹ sì ka àwọn tó ti mú àrùn nínú wọn. Bí igi 20 tó gba oògùn àrùn nìkan bá ní pódù 160, tí 24 sì ti dúdú, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí igi 20 tó gba méjèèjì bá ní 150 tí 12 dúdú, ìdá 8 ni. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀, bí ó bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léraléra, ẹ lè fọkàn tán an. Ti ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lè jẹ́ ti òjò.

Bí apá méjèèjì bá dọ́gba títí Oṣù Kẹsàn-án, ẹ má tíì dá Trichoderma lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé yín bóyá ẹ já pódù tó ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti sábà máa ń bá a. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ tó wà láàárín oògùn àti Trichoderma, kí ẹ sì tún ìdánwò ìrẹsì ṣe pẹ̀lú ìyókù tó wà nínú àpò. Bí ìrẹsì bá hù, tí ọjọ́ náà sì pé, ẹ já ọmọ pódù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àrùn, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, pẹ̀lú orúkọ kékeré tí ẹ kọ láti ẹ̀yìn páálí.